Nígbà Tí Nǹkan Oṣù Bá Ń Kásẹ̀ Nílẹ̀

Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ má dìde o. Ọ̀rọ̀ náà kàn yín. Bí ẹnìkan bá ń rò ó pé kí ló kan tíṣà nínú nǹkan oṣù obìnrin, èsì mi ni pé ohun tí a bá ń fi ìtìjú bò, a kì í mọ̀ ọ́n dáadáa.

Àwọn kan gbà pé bí nǹkan oṣù bá dúró, ṣe ni ẹ̀jẹ̀ náà ń kó jọ sí ikùn, tàbí pé ó ń gun orí lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ẹyin méjì ni obìnrin ní, ọ̀kan lápá ọ̀tún ilé ọmọ, ọ̀kan lápá òsì. Gbogbo ẹyin tí yóò lò láyé ló gbé wá láti inú ìyá rẹ̀, bí irúgbìn inú àká. Kò sí tuntun tí a ń dà sí i. Ilé ẹyin yìí náà ló ń tú ohun tí àwọn dókítà ń pè ní họ́mọ̀nù sínú ẹ̀jẹ̀. Ìránṣẹ́ ni họ́mọ̀nù. Òun ló ń sọ fún ilé ọmọ pé kó tẹ́ ẹní de oyún. Bí oyún kò bá dé, a ká ẹní náà, òun ni ẹ ń rí lóṣooṣù. Nígbà tí àká bá ń ṣófo, ìránṣẹ́ kò ní jíṣẹ́ déédéé mọ́. Oṣù yìí á pọ̀, oṣù tó ń bọ̀ á fò. Tó bá dákẹ́ pátápátá, a kò tẹ́ ẹní mọ́. Ẹ̀jẹ̀ wo ni yóò wá kó jọ?

Láàárín ọdún 45 sí 55 ni ó máa ń dúró fún ọ̀pọ̀ obìnrin. Ìwádìí tí Dókítà Friday Okonofua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1990 fi í sí nǹkan bí ọdún 48 fún àwọn obìnrin Nàìjíríà tí wọ́n bi léèrè. Ṣùgbọ́n ara ti ń yí padà ṣáájú. Ooru á ṣàdéédéé ru láti àyà dé ojú, àní nínú ọyẹ́. Òógùn á rin aṣọ lóru, oorun á dá, inú á máa bíni sí ohun tí kò tó nǹkan. Àwọn obìnrin tí ara wọn kì í yí padà ní Ẹ̀sìẹ́ yìí ni àwọn ìyá olókùúta tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wa láti 1945. Ẹlẹ́ran ara ni ẹ̀yin.

Ọ̀pọ̀ ń pè é ní ibà, wọ́n ń gbé oògùn ibà mì léraléra. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò ná. Ẹ̀yin ọkọ, obìnrin tó ṣílẹ̀kùn lóru tó bọ́ síta gba atẹ́gùn, kò lọ ìpàdé kankan. Ooru ló lé e jáde.

Obìnrin tí oṣù rẹ̀ ń ṣe ségesège ṣì lè lóyún. Ìgbà tó bá lo oṣù 12 gbáko láìrí i ni a tó lè sọ pé ó ti dúró. Lẹ́yìn èyí, bó bá rí ẹ̀jẹ̀, ìbáà ṣe ẹ̀kán kan ṣoṣo, kó má sọ pé àlejò òun padà dé, kí ẹnikẹ́ni má sì bá a yọ̀ pé ó ti di ọmọge. Ó lè jẹ́ ohun kékeré. Ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ ilé ọmọ tàbí ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Òmù-Àrán lọ́sẹ̀ náà gan-an. Jẹjẹrẹ tí a tètè rí ṣeé tọ́jú. Èyí tí a fi pamọ́ títí ló ń pani.

Àwọn kan ń ta àgúnmu iṣu igbó lọ́jà pé họ́mọ̀nù ni. Òótọ́ ni pé Russell Marker, ará Amẹ́ríkà, fi iṣu igbó Mẹ́síkò ṣe họ́mọ̀nù ní àwọn ọdún 1940, ṣùgbọ́n inú ìgò oníkẹ́míkà ló ti ṣe é. Ikùn wa kò lè ṣe é. Oògùn họ́mọ̀nù wà lọ́wọ́ dókítà, kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn. Ẹ má yá ti aládùúgbò lò. Nítorí pé eegun ń fúyẹ́ lẹ́yìn tí oṣù bá dúró, ẹ máa jẹ wàrà, ẹ̀wà àti ẹja wẹẹrẹ teegunteegun, kí ẹ sì máa rìn.

Ẹ ti mọ nọ́ńbà kọ báyìí. Ẹ mú ojú ewé tó gbẹ̀yìn nínú ìwé yín, kí ẹ máa kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó dá síbẹ̀ lóṣooṣù. Ohun àkọ́kọ́ tí nọ́ọ̀sì yóò bi yín nìyẹn.