Ẹ Háyà Rẹ̀, Ẹ sì Dá A Padà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Ìkòsí lónìí, láti ọdún 2006 tí Amazon ti ń fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe háyà fún aráyé, èyí tí a ń pè ní cloud, ẹni tó fẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní láti kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ olówó ńlá mọ́. Bí a ṣe ń háyà kánópì àti àga náà ni: ta ló ń ra ẹgbẹ̀rún àga nítorí ìsọmọlórúkọ kan? Gbogbo ènìyàn ló ń yin cloud pé ó ń fẹ̀. Lójú tèmi, ìgbà tí a bá dá àga padà ni èrè rẹ̀ ń yọ.

Pé áàpù gbọ́dọ̀ lè fẹ̀, ọjà Mile 12 ní Èkó jẹ́rìí sí i. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí owó bébà wọ́n, èrò ya lu áàpù àwọn báńkì, ọ̀pọ̀ sì dákú. Owó kúrò lọ́wọ́ oníbàárà, kò dé ọ̀dọ̀ ìyá aláta. Kọ̀ǹpútà púpọ̀ nìkan kò lè wo irú àìsàn yìí, bí gbogbo wọn bá ṣì ń tò sídìí àkọsílẹ̀ owó kan ṣoṣo. Ẹ pín iṣẹ́ náà: owó gbọ́dọ̀ kọjá lójú ẹsẹ̀, alẹ́ẹ̀tì lè dúró díẹ̀. Ẹ fún ìfowóránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹni tó tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì má baà sanwó lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn kan á ní dọ́là ni cloud ń jẹ. Òótọ́ ni. Dọ́là tó jẹ́ nǹkan bí 460 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023 ti lé ní 1,500 nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ, náírà ni oníbàárà wa sì ń san. Ìdí nìyí tí mo fi tẹnu mọ́ dídápadà: ẹ kọ́ áàpù náà kí ó lè fúnra rẹ̀ pa ẹ̀rọ tó gbà fún èrò ọ̀sán bí ilẹ̀ bá ṣú. Àwọn mìíràn á ní okùn abẹ́ òkun lè já, bó ṣe já nítòsí Abidjan ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024. Kí ẹ̀dà iṣẹ́ yín kan wà nílé nígbà náà; Amazon fúnra rẹ̀ ti gbé ẹ̀rọ dé Èkó láti 2023.

Bí ọ̀gá yín bá bi yín pé èrò mélòó ni áàpù yìí lè gbà, ẹ dá a lóhùn, kí ẹ sì sọ iye tí yóò máa jẹ lọ́jọ́ tí èrò kò bá wá. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ yín gba èrò, kò sì ní jẹ yín lówó tán. Ẹ máa lọ ire.