Ohun tí A Bá ní Freetown

  Ẹ ní kí a wá sọ ohun tí ojú wa rí ní Freetown, olú-ìlú Sàró.

Ọkọ̀ òfuurufú kì í balẹ̀ sínú ìlú náà. Lungi, tó wà ní òdìkejì omi, ló ń balẹ̀ sí. Ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé àlejò sọdá. Bí a ti ń sún mọ́ èbúté ni òkè yọ sí wa, tí ilé gùn ún láti etí òkun títí dé àárín rẹ̀. Àwa ará Ìgbómìnà mọ òkè dáadáa, ṣùgbọ́n a kò tíì rí èyí tó na ẹsẹ̀ sínú òkun rí. Àwọn Potogí ló fi í wé kìnnìún. Ibẹ̀ ni orúkọ Sierra Leone ti wá. Igi àràbà ńlá tó wà láàárín ìlú ti wó nínú ìjì ní 24 May 2023, kùkùté rẹ̀ ni a bá. Ó dùn wá, nítorí orúkọ igi náà ni olórí awo ń jẹ.

Láti 1808 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba ẹrú lójú òkun, tí wọ́n ń kó wọn sọ̀ sí Freetown. Ogun tó fọ́ ilẹ̀ wa sọ àwọn ènìyàn wa di púpọ̀ níbẹ̀. Àjàyí Crowther, tí wọ́n mú ní Òṣogùn ní 1821, wà lára wọn. Ìkíni wa, “ẹ kú”, ni wọ́n fi sọ wọ́n ní Aku.

Ẹ gbọ́ ohun tó kù lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn. Kómọjáde ni wọ́n ń pe ìsọmọlórúkọ. Ẹni tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi yóò dín àkàrà fún òkú baba rẹ̀ níbi àsè tí wọ́n ń pè ní àwùjọ. Egúngún ń jáde, Ọjẹ̀ ni wọ́n ń pè é, mùsùlùmí sì pọ̀ lára àwọn tí ń gbé e. (Kí àwọn ará Kwara fi etí sí ìyẹn.)

Ifá ńkọ́? Bàbá arúgbó kan tó gbà wá lálejò ní òun gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu baba baba òun. A yọ ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní ṣé ọrùn ni wọ́n ń fi í sí. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí a sùn lóru ọjọ́ náà.

Ọmọ tó jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí ààrò ti kọ́ àkàrà. Ẹni tó tọ eégún lẹ́yìn ti mọ ijó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá ni àwa fi sin ọ̀gá wa. A gbálẹ̀, a pọnmi, a já ewé, kí wọ́n tó gbà wá láyè láti dífá fún ẹlòmíràn. Ta ni ẹrú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ sí etíkun yóò rí tí yóò jókòó tì í fún ọdún mẹ́wàá?

Kò sí ẹni tó kó àwa lẹ́rú níhìn-ín. Síbẹ̀, àwọn kan fẹ́ kí a tẹ àwọn nífá lọ́jọ́ Ẹtì, kí wọ́n wọkọ̀ Èkó lọ́jọ́ Àìkú. Àwa àgbà náà ń gba owó wọn. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ yìí bi olúkúlùkù awo, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí: ọmọ awo mélòó ló ń sùn nílé rẹ?