Òkúta Tí Ó Wé Láwàní

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa)

  

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lónìí, a rò pé ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni a óò sọ, nítorí pé iṣẹ́ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìlú yìí tí a ti kọ́ rí, tí ó ń kàwé ní ilẹ̀ Tọ́kì nísinsìnyí, fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí wa. Nígbà tí a kọ́kọ́ wò ó, a rò pé àwọn àgbàlagbà ni ó dúró lábẹ́ igi, tí wọ́n wé láwàní, tí èjìká wọn fẹ́rẹ̀ kan ara wọn. Nígbà tí a tẹjú mọ́ ọn ni a rí i pé òkúta ni gbogbo wọn, àti pé itẹ́ òkú ni ibẹ̀. Ọmọ náà kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé: "Tíṣà mi, Mùsùlùmí bí tiwa ni àwọn tí ó sùn síbí." Ọ̀rọ̀ àwọn òkúta náà ni a bá wá síwájú yín, nítorí pé ó kan ìpinnu kan tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe lọ́dún yìí.

Itẹ́ òkú tí a ń wí yìí ni Karacaahmet, ní Üsküdar, ní apá ìlú Istanbul tí ó wà ní ilẹ̀ Éṣíà. Ó wà lára àwọn itẹ́ òkú tí ó tóbi jù lọ tí ó sì pẹ́ jù lọ ní ìlú náà. Ní ayé àwọn Súlútánì Ottoman, òkúta méjì ni wọ́n sábà máa ń rì mọ́ sàréè, ọ̀kan ní ìhà orí, èkejì ní ìhà ẹsẹ̀. Èyí tí ó wà ní ìhà orí ni wọ́n ń gbẹ́ tí ó fi ń jọ ènìyàn. Ó ní orí, ó ní ọrùn, ó sì ní àyà pẹrẹsẹ tí wọ́n kọ̀wé sí. Ṣùgbọ́n kò ní ojú, kò ní imú, kò sì ní ẹnu, nítorí pé àwọn àáfà kò fi ọwọ́ sí yíya àwòrán ohun ẹlẹ́mìí. Ohun tí ó dé sórí òkúta ni a fi ń mọ irú ẹni tí ó sùn sábẹ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Àwọn ará Tọ́kì gbé ọ̀rọ̀ yìí dé orí sàréè. Láwàní ńlá ni wọ́n gbẹ́ fún àáfà àti adájọ́. Fìlà gíga tí kò ní etí ni wọ́n gbẹ́ fún àwọn Súfì ìjọ Mevlevi, àwọn tí ó máa ń pòòyì nígbà tí wọ́n bá ń ṣe sìkírì. Àwọn ọmọ-ogun Janissary ní fìlà tiwọn lọ́tọ̀. Ní ọdún 1829, Súlútánì Mahmud Kejì pàṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa dé fìlà pupa róbótó tí a ń pè ní fẹ́ẹ̀sì, èyí tí okùn máa ń fì lórí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn òkúta pẹ̀lú ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé fẹ́ẹ̀sì. Ẹni tí kò mọ̀wé rárá lè rìn gba ibẹ̀ kọjá kí ó sì mọ àáfà yàtọ̀ sí jagunjagun, kí ó mọ ti àtijọ́ yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn rẹ̀.

Wọn kò gbàgbé àwọn obìnrin. Òdòdó ni wọ́n gbẹ́ sí òkúta tiwọn, àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn nígbà mìíràn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin ni ó kú, ìrudi òdòdó róòsì tí ọrùn rẹ̀ ṣẹ́ ni a ó rí níbẹ̀. Ìyá tí ó bá ti sin ọmọ rí kò nílò ògbufọ̀ fún èyí.

Ní ti ìwé tí wọ́n kọ sí àyà òkúta, lẹ́tà Lárúbáwá ni. Lókè pátápátá ni wọ́n ti sábà máa ń kọ ọ́ pé Ọlọ́run nìkan ni ó wà títí láé. Orúkọ òkú, orúkọ bàbá rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti ọdún tí ó kú ni yóò tẹ̀ lé e. Ní ìparí ni wọn óò bẹ ẹni tí ń kọjá lọ pé kí ó ka Fátíhà kan fún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Àdúà ni òkúta náà dúró tọrọ. Ó ń jẹ́ kí alààyè mọ orúkọ ẹni tí yóò dá nínú àdúà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n aburú méjì ti bá àwọn òkúta wọ̀nyí, àwọn méjèèjì ni ó sì mú wa dìde sọ̀rọ̀.

Èkínní ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1826. Àwọn Janissary ṣọ̀tẹ̀ sí Súlútánì Mahmud kan náà, ó sì pa ẹgbẹ́ ogun wọn run. Nígbà tí wọ́n ṣe tán lọ́dọ̀ àwọn alààyè, wọ́n kọjú sí àwọn òkú. Wọ́n wọ inú itẹ́ òkú, wọ́n sì fọ́ fìlà Janissary kúrò lórí òkúta, bí ẹni tí ó ń bẹ́ orí. Àwọn tí ó kú kí ọ̀tẹ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀.

Èkejì kò mú òòlù lọ́wọ́, síbẹ̀ ó ṣe ju ti èkínní lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1928, ìjọba Tọ́kì ṣe òfin pé kí a máa fi lẹ́tà irú èyí tí àwa náà ń lò kọ èdè Tọ́kì, kí a sì pa lẹ́tà Lárúbáwá tì. Àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ ní lẹ́tà tuntun nìkan dàgbà, wọ́n dúró níwájú sàréè bàbá bàbá wọn, wọn kò sì lè ka orúkọ rẹ̀. Òkúta náà kò fọ́. Kò sí ìkankan tí ó parẹ́ nínú ohun tí a kọ sí i. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kà ni ó tán.

Ẹ má ṣe rò pé àlejò pátápátá ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí sí wa. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1894, nígbà tí a ṣí mọ́ṣáláṣí tí Alàgbà Mohammed Shitta kọ́ sí Èkó, Súlútánì Abdul Hamid Kejì rán Abdullah Quilliam láti Liverpool wá ṣojú òun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi oyè Bey dá Alàgbà Shitta lọ́lá. Irú oyè bẹ́ẹ̀ ni a ń rí lára àwọn òkúta Istanbul, òun náà sì ni ìdílé Shitta-Bey ń jẹ́ títí di òní.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Àwa kò gbẹ́ òkúta bí ènìyàn sórí sàréè Mùsùlùmí ní ìlú yìí, a kò sì wá sọ pé kí a bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin àáfà ni ẹ kọ́ wa pé Ànábì kọ̀ fún ni láti rẹ́ sàréè tàbí láti kọ́lé lé e. Ẹ̀yin kan náà ni ẹ sì kọ́ wa pé ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé òkúta sí ìhà orí sàréè Uthman ọmọ Maz'un, kí ó baà lè dá a mọ̀. Ibi tí ààlà wà láàárín méjèèjì, ti Lèmọ́mù ni láti fi hàn wá.

Ohun tí ó dùn wá ni pé, lẹ́yìn Iléyá tí ó kọjá, a kó àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ sí itẹ́ òkú àtijọ́ tí ó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, kí wọ́n lè mọ ibi tí a sin Lèmọ́mù àkọ́kọ́ ìlú yìí sí. Àgbà méjì ni ó mú wa lọ. Ibi tí èkínní nàka sí jìnnà sí ti èkejì tó ọgbọ̀n ìṣísẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó gbà fún ẹnìkejì. Lábẹ́ koríko ni a ti rí pálí sìmẹ́ǹtì kan tí wọ́n fi ìka kọ lẹ́tà Lárúbáwá sí kí ó tó gbẹ. Ọmọbìnrin kan bi wá pé, "Tíṣà, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" Àwa tí a jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, tí a ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé láti ọdún gbọọrọ, a kò lè kà á. Ojú tì wá. Àáfà arúgbó tí ì bá kà á fún wa ti di ará ọ̀run.

Ẹgbẹ́ wa ti gbèrò láti ro ilẹ̀ náà kí a sì mọ odi yí i ká. Èrò rere ni, a sì ti dá owó tiwa. Ṣùgbọ́n bí katakata bá wọ ibẹ̀ kí a tó kọ orúkọ sílẹ̀, iṣẹ́ Mahmud ni a óò ṣe, láìbá òkú kankan jà.

Nítorí náà, a bẹ ẹgbẹ́ ní ohun mẹ́ta. Èkínní, kí a dá iṣẹ́ katakata dúró títí a ó fi kó àwọn àgbà jọ ní agboolé-agboolé, tí wọn yóò fi sàréè hàn wá, tí a ó sì kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Èkejì, kí àwọn àáfà wa ka gbogbo lẹ́tà Lárúbáwá tí ó wà níbẹ̀, kí a dà á kọ ní lẹ́tà tí ọmọ ilé-ìwé lè kà, kí ẹ̀dà kan wà ní ààfin, ọ̀kan ní mọ́ṣáláṣí, ọ̀kan ní ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ẹ bá tún bá ìyá yín sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí a sin bàbá wọn sí, kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé.

Àwọn baba wa ní, bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Àwọn tí ó mọ àrọ́bá itẹ́ òkú wa kò ju ẹni mélòó kan lọ mọ́, wọ́n sì jókòó láàárín wa níhìn-ín lónìí. Kí Ọlọ́run dá wọn sí fún wa. Kí ó forí ji àwọn tí ó ti lọ, àti èyí tí a mọ orúkọ rẹ̀, àti èyí tí a kò mọ̀. Kí ó má jẹ́ kí ìlú wa bàjẹ́ mọ́ wa lójú. Àmín.