Ẹ má jẹ́ kí ìyá yín gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta

(Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Ìbejì, oníláàsì ọjà Wúsè, bá wa sọ ní alẹ́ Sọ́ńdè. Ohùn mẹ́rin ni. Akọ̀wé ló kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn ò tó àti àwọn tó wà nínú ariwo ọjà.)

Ohùn kìíní

Ẹ má bínú sí ariwo jẹnẹrétọ̀ yìí, wọ́n ti mú iná lọ ní Nyanya láti àárọ̀. Alága ló ní kí n wá bá wa sọ̀rọ̀. Mo kọ́kọ́ ní rárá, torí mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi di ìtàn tí wọ́n á máa pa kiri. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwa obìnrin tó wà níbí pè mí. Wọ́n rí kókó kan lọ́mú rẹ̀, wọ́n ti gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ọjọ́ kọkànlá nìyẹn, kò tíì sọ fún ọkọ rẹ̀. Òun ló ní kí n sọ ọ́, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ìdí tí mo fi gbà nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí dáadáa, ẹ mọ̀ pé èmi náà ṣàìsàn. Jẹjẹrẹ ọmú ni. Mo pè é lórúkọ kí ẹ lè rí i pé kò sí nǹkan tó ṣe ẹnu mi. Nígbà tí dókítà sọ ọ́ fún mi, Bàbá Ìbejì nìkan ni mo sọ fún. Ìyá mi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá wọn fínra, mo ní tí wọ́n bá gbọ́, á pa wọ́n. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, ìyẹn nìkan kọ́. Ọ̀rọ̀ ọjà wà nínú ẹ̀. Àwìn ni àwọn ará Balógun l'Ékòó ń gbé láàsì fún mi, tí mo bá tà á tán ni mò ń sanwó. Ta ló máa gbé ọjà àwìn fún ẹni tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ń ṣe? Ẹ̀yin náà ẹ dáhùn nínú ọkàn yín. Èsúsú wa náà ńkọ́? Mo ti kó tèmi, ó ku oṣù mẹ́rin tí màá san.

Ni mo bá pa á mọ́. Tí wọ́n bá ní kí ló dé tí mo rù, mo ní ààwẹ̀ ni mò ń gbà. Ààwẹ̀ oṣù mẹ́ta!

Ohùn kejì

Ṣé ohùn yẹn wọlé? Ó dáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe tú. Kímò ni wọ́n ń pe oògùn yẹn, bíi dírípù ni wọ́n ṣe ń fà á síni lára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń fún mi ní tèmi. Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kejì, irun orí mi ti re tán, mi ò sì lè dé ìsọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìsọ̀ tí wọ́n tì fún ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú ọjà Wúsè, ẹ mọ̀ pé ẹnu ò ní dákẹ́. Ẹnì kan rí mi ní ilé ìwòsàn, ó sọ fún ẹnì kan, onítọ̀hún sọ fún ẹlòmíràn. Nígbà tó fi máa dé Ògbómọ̀ṣọ́, mo ti kú. Ẹ ń gbọ́ mi? Mo ti kú! Obìnrin kan ládùúgbò gbé ìrẹsì wá kí ìyá mi kú àmúmọ́ra.

Ìyá mi pè mí, mi ò gbé e, oògùn ti dá mi dùbúlẹ̀, fóònù wà nínú báàgì. Ìpè mẹ́tàdínlógún ni mo bá lórí ẹ̀. Nígbà tí mo wá gbọ́ ohùn wọn, wọn ò bínú, wọn ò sunkún. Wọ́n kàn ní, "Ṣé ẹni tó gbé ìrẹsì wá fún mi ló yẹ kó sọ ọ̀rọ̀ ọmọ mi fún mi?" Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mi ò dùn mí tó ìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọ̀kan nínú àwọn tí mo jẹ lówó wọ mọ́tò láti Èkó wá sí Àbújá. Gbogbo ohun tí mo fi ń pa á mọ́ ló ṣẹlẹ̀, ó tún burú sí i, torí irọ́ ni wọ́n gbọ́.

Ẹ rántí Gómìnà Akeredolu ti Oǹdó. Ní 2023, nígbà tí àìsàn wọn le, tí ìròyìn tó dájú ò tó nǹkan, ẹ rántí iye ìgbà tí wọ́n pa wọ́n lórí fóònù kí wọ́n tó papò dà lóòótọ́ ní ọjọ́ 27 oṣù December. Ẹ̀yìn ikú ni ìjọba tó wá sọ ọ́ gbangba pé jẹjẹrẹ pọ́síteètì ni. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ o, ipò gómìnà ni, ọ̀rọ̀ òṣèlú wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàwó wọn, Betty Anyanwu-Akeredolu. Ní 1997 ni wọ́n rí jẹjẹrẹ ọmú lára tiwọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ò jẹ́ pe orúkọ ẹ̀ sókè. Wọ́n sọ ọ́ síta, wọ́n dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀, àwọn obìnrin sì rí ẹni fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Wọ́n ṣì wà láàyè. Kì í ṣe pé sísọ ló ń wo àìsàn sàn o. Gani Fawehinmi náà ò fi jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tiwọn pamọ́, wọ́n ṣì kú ní September 2009. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní láti méfò ohun tó ń ṣe wọ́n.

Ohùn kẹta

Ohun tí a wá ṣe nílé wa rèé. A mú ẹnì kan, àbúrò mi obìnrin tó ń ṣe tíṣà ní Kubwa, òun la fi ṣe ẹnu mi. Ẹnikẹ́ni tó bá pe èmi tàbí Bàbá Ìbejì, "Ẹ bá àbúrò mi sọ̀rọ̀" la máa ń sọ. Ìsinmi tí ìyẹn fún mi, mi ò lè ṣàlàyé ẹ̀. Ṣáájú, mo lè sọ ìtàn kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́, kí n wá máa rẹ àwọn tó ń pè lẹ́kún.

Àwọn kan wà tí a kì í kọ̀wé sí, pípè la máa ń pè wọ́n: ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ìyá ọkọ mi. Àwọn ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́, kí ọ̀rọ̀ tó dé orí WhatsApp rárá.

Àwọn ọmọ sì wà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni àwọn ìbejì nígbà yẹn, mo rò pé wọn ò mọ nǹkan kan. Táyé ò mu omi nínú ife mi mọ́, wọ́n ti sọ fún un ní iléèwé pé ó ń ràn. Kẹ́hìndé ní tiẹ̀ rò pé torí òun ò gbọ́ràn ló fi ṣe mí. Oṣù méjì ló fi gbé ìyẹn sínú, ọmọdé! Jẹjẹrẹ kì í ràn, kì í sì í ṣe ìwà ọmọ ló ń fà á. Ẹ sọ ọ́ fún wọn ní èdè tó máa yé wọn.

Fún àwọn yòókù, àbúrò mi dá gúrúpù kan sílẹ̀ tó jẹ́ áádímìn nìkan ló lè kọ̀wé síbẹ̀. Ẹ má fi bùrọ́díkáàsì ṣe é o, kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù ẹ̀. Tí ẹ bá sì jẹ́ kí gbogbo èèyàn kọ̀wé, ogójì àdúrà àti ogún oògùn jẹjẹrẹ láti Facebook lẹ máa bá níbẹ̀ láàárọ̀. Ìrọ̀lẹ́ Fráìdè ló máa ń kọ ọ́. Bí ọ̀kan ṣe rí rèé:

"Wọ́n ti fún un ní kímò kẹrin nínú mẹ́fà. Ó ń bì, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ̀kọ díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wá kí i fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó bá ń wúkọ́, kó kí i lórí fóònù. A nílò ẹni tó máa mú àwọn ọmọ bọ̀ láti iléèwé ní Mọ́ńdè àti Túsídè."

Ó tán. Ẹ wo ìlà tó kẹ́yìn yẹn. Gbogbo wa la máa ń sọ pé "tí ẹ bá nílò nǹkan, ẹ sọ." Òun sọ ọ́, ẹni mẹ́ta sì dáhùn. Ọ̀rọ̀ ká má wá kí i kì í ṣe ìgbéraga o. Láti bí ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá lẹ́yìn kímò, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń bá àìsàn jà máa ń lọ sílẹ̀ gan-an. Tí ibà bá mú èèyàn nígbà yẹn, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lóru ọjọ́ náà. Kó má dúró mu àgbo.

Tí èsì ò bá sì tíì dé, ẹ kọ ọ́ pé èsì ò tíì dé. Èsì ohun tí wọ́n gé lè pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ọmú, wọ́n tún máa ń ṣe àyẹ̀wò mìíràn lórí ẹ̀ láti mọ oògùn tó máa bá a mu. Ẹ má fi èrò yín dí àárín yẹn.

Ohùn kẹrin

Mo gbàgbé àwọn ará Balógun. Èmi fúnra mi ni mo pè wọ́n. Mo ní mo jẹ yín ní báyìí, ọjà tó kù nílẹ̀ rèé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń tà á, ohun tí mo lè máa san lóṣù nìyí. Àwọn méjì gbà. Ẹnì kẹta wá kó láàsì ẹ̀ lọ. Kò burú, ọjà ẹ̀ ni. Ó dùn mí ṣá. Èsúsú ní tiẹ̀, alága bá mi bẹ̀ wọ́n, mo ń san ìdajì títí mo fi san án tán.

Kì í ṣe gbogbo ayé lẹ máa sọ fún o. Ọ̀rọ̀ ara yín ni, ẹ̀yin lẹ máa yan ẹni tó máa gbọ́. Mi ò gbé e sórí státọ́ọ̀sì rí.

Ìwọ àbúrò mi tó pè mí, o mọ ara rẹ. Ọ̀pọ̀ kókó ọmú ni kì í ṣe jẹjẹrẹ, èsì nìkan ló máa sọ èyí tí tìrẹ jẹ́. Ṣùgbọ́n má dá lọ gbà á. Sọ fún ọkọ rẹ lálẹ́ yìí, lẹ́yìn oúnjẹ, kí ẹ jọ lọ. Tí ẹnu rẹ ò bá gbà á, gbé fóònù sáàárín yín kí o pè mí, màá bá yín sọ ọ́. Mi ò ní sùn ṣáájú aago mọ́kànlá.

Wẹ́sídè ni mò ń lọ National Hospital fún àyẹ̀wò tèmi. Tí wọ́n bá ti sọ ohunkóhun, ìyá mi á gbọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀yin náà á gbọ́ lẹ́nu àbúrò mi. Epo jẹnẹrétọ̀ ti ń tán, ẹ jẹ́ kí n lọ kó ẹ̀fọ́ inú fìríìjì. Ó dàárọ̀ o.