Owó Ìpolongo Ìbò Kì í Ṣe Ìkógun

  

Kò sí ọmọ agbègbè Odò-Ọ̀tìn wa yìí tí kò gbọ́ ìtàn ogun Jálumi, tí wọ́n jà ní Ìkìrun ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 1878, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn, lábẹ́ Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n, tú àwọn Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìlọrin ká, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sá lọ sì bá Odò Ọ̀tìn lọ, èyí tó fún ogun náà ní orúkọ tó ń jẹ́ títí di òní. Kì í ṣe ti akin tó jà ni mo fẹ́ sọ, bí kò ṣe ti ìkógun tó máa ń tẹ̀lé irú ogun bẹ́ẹ̀. Láyé ìgbà náà, ohun tí jagunjagun bá fi apá rẹ̀ mú, tirẹ̀ ni. Bó bá ti fún olórí ogun ní ìpín tó tọ́ sí i, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè iye tó kù. Ẹ̀rù ń bà mí pé àṣà yìí gan-an la gbé wọ inú ìbò dídì. Ọkọ̀ akérò tí a kọ orúkọ olùdíje sí lára yóò di ti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí a ka èsì, owó tó wà nínú àpò yóò sì di ti ẹni tó gbé àpò.

Bẹ́ẹ̀, a kò fi ogun kó owó ìpolongo. Ńṣe ni a dá a jọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, a ṣe òkú àgbà kan nínú agbo ilé wa. Ọmọ dáwó, àna dáwó, ẹgbẹ́ dáwó, nítorí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní ọjọ́ kẹjọ, tí àwọn onílù ti lọ, tí a ti san owó màlúù, akápò jókòó sórí ẹní, ó dojú àpò kọlẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n títí okùn inú rẹ̀ fi yọ síta, ó sì ka pọ́ùn mélòó kan àti ṣílè tó kù lójú gbogbo ẹbí. Wọ́n jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú: àwọn kan ní kí a pín in padà, àwọn kan ní kí a fi tún òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń jò ṣe. Òrùlé ló borí. Kò sí ẹni tó fura sí akápò náà. Síbẹ̀, ká ní kò kà á ni, a kì bá tí fi í ṣe akápò mọ́ láé.

Ní ti owó ìpolongo, Òfin Ìdìbò tí wọ́n ṣe ní ọdún 2022 ní kí ẹni tó ń du ipò ààrẹ má ná ju bílíọ̀nù 5 náírà lọ, kí ti gómìnà má ju bílíọ̀nù 1, kí ti aṣòfin ìpínlẹ̀ má ju mílíọ̀nù 30, kí ẹnì kan ṣoṣo má sì dá ju mílíọ̀nù 50 fún olùdíje kan. Ó pàṣẹ pé kí ẹgbẹ́ òṣèlú kó ìwé àwọn tó dáwó fún Àjọ INEC láàrin oṣù 3 lẹ́yìn tí a bá kéde èsì, kí ó sì kó ìwé ìnáwó tí olùyẹ̀wé-owó-wò ti yẹ̀ wò láàrin oṣù 6. Ìwé àwọlé rè é, ìwé àjáde rè é. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó mọ ìyọkúrò lè rí àṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n òfin náà kò ní kí a yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ilé tí àṣẹ́kù náà yóò wọ̀.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 2014, ní Àbújá, ẹgbẹ́ PDP pe àwọn olówó jọ nítorí ìdíje Ààrẹ Goodluck Jonathan lẹ́ẹ̀kejì, iye tí wọ́n kéde sì lé ní bílíọ̀nù 21 náírà, nígbà tó jẹ́ pé bílíọ̀nù 1 péré ni òfin ọdún 2010, tó wà nílẹ̀ nígbà náà, gba olùdíje ààrẹ láyè láti ná. Nígbà tí ariwo ta, àwọn olórí ẹgbẹ́ dáhùn pé owó náà kì í ṣe ti olùdíje kan ṣoṣo, pé owó kíkọ́ ilé ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. N kò sì dárúkọ wọn bí ẹni pé àwọn nìkan ló ṣe é. Iye tiwọn ló hàn sí gbogbo ayé. Ohun tí mo ń wí ni pé, bí a bá fi òfin wọn owó náà, ohun tó lé ní bílíọ̀nù 20 ti di àṣẹ́kù kí ìpolongo tó gbóná rárá. Kí oṣù Kẹta ọdún 2015 sì tó parí, a ti dìbò, Ààrẹ ti gbà pé òun kò wọlé, àwọn tó dáwó kò sì ní ìlà kan nínú òfin tí wọ́n lè dì mú láti béèrè pé, ‘Èyí tó kù dà?’

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ti jẹ irú oúnjẹ yìí rí. Aṣòfin àpapọ̀ wọn tó ti wà nípò ṣáájú ọjọ́ 8 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1980 lè fẹ̀yìn tì kí ó sì gbé àṣẹ́kù owó ìpolongo lọ sílé. Ọdún 1989 ni wọ́n ṣe òfin tó dí ihò náà, ó sì di ọdún 1993 kí ó tó dí tán. Lónìí, wọ́n lè dá a padà fún ẹni tó dá a, wọ́n lè fi ta àwọn aláàánú lọ́rẹ, wọ́n sì lè gbé e fún ẹgbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ fi gbọ́ bùkátà ara wọn.

Ti gbígbé e fún ẹgbẹ́ yìí ni èmi kò fara mọ́ nílẹ̀ wa. Ẹni mélòó ló ni ẹgbẹ́ òṣèlú níbí? Bí a bá kó àṣẹ́kù fún wọn, owó àná ni yóò máa ra ìbò ọ̀la, àwa tí a sì wà ní Ọ̀ṣun àti Èkìtì, tí a ti sọ ‘dìbò kí o sebẹ̀’ di ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọdé, mọ̀ pé owó tí kò ní olówó ni a fi ń se ọbẹ̀ náà. Ẹni tó dá owó ńlá, kí a dá ìpín tirẹ̀ padà fún un bí orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé oṣù 3. Èyí tó jẹ́ ti àwọn tó dá kékeré, tí ìdápadà rẹ̀ kò ní tó owó ọkọ̀, kí a san án sí báǹkì fún ilé ìwòsàn àti iléèwé agbègbè tí olùdíje náà ti gbégbá ìbò, kí a sì ka ìṣirò rẹ̀ sókè ní ọjọ́ ọjà, bí akápò wa ṣe gbọn àpò lórí ẹní.

Mo bẹ àwọn tó ń ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àbújá pé kí wọ́n bá wa gbé ìlà yìí dé ibẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó kan àwọn ọkọ̀ akérò náà pẹ̀lú: kí a tà wọ́n ní gbàǹjo, kí orúkọ olùdíje tó ṣá lára wọn.