Ìrìn Ọjọ́ Mẹ́ta Lórí Òkè, Láti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà dé Ìkọ́gòsì

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá.

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera àgbà. Èmi kì í ṣe dókítà o. Ìrìn kan tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin rìn ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún yìí ni mo fẹ́ rò fún yín.

Ilé ìwé kan náà ni àwa márààrún ti jáde. Nígbà náà, kò sí òkè tí a kì í gùn. Olùkọ́ wa kan a máa pè wá ní ewúrẹ́. Ní báyìí, ẹni tó kéré jù nínú wa ti pé ẹni ọdún 61. A ní ká tún un ṣe: ká gba ẹ̀gbẹ́ omi Olúmirin gòkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ká tọ orí òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ká sì parí rẹ̀ sí Ìkọ́gòsì.

Ẹni tó bá ti dé Ẹ̀rìn mọ̀ pé ìpele méje ni omi náà fi ń já wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò kì í jìnnà púpọ̀. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á fi omi bọ́jú, wọ́n á padà. N kò dá wọn lẹ́bi, òkúta ibẹ̀ ń yọ̀ bí ilá. Àwa gùn ún dé ìkeje. Èkìtì lẹ ti bọ́ sí yẹn, ní abúlé Àbákẹ́. Àwọn àgbẹ̀ fún wa níbi tí a sùn sí àti iṣu sísun. A ṣe fáàrí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní ọjọ́ kejì, ọyẹ́ bo gbogbo orí òkè. Èmi ni mo ṣíwájú, ojú mi sì wà lára Ẹ̀fọ̀n. Ọ̀rẹ́ wa kan tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ń sọ̀rọ̀ àwọn òpó tí Agbọ́nbíọ̀fẹ́, ọ̀gá agbẹ́gilére tó kú ní 1945, gbẹ́ fún ààfin ibẹ̀. À ń rẹ́rìn-ín, à ń sáré ẹsẹ̀. Nígbà tí a dé ìyànà kan, mo wẹ̀yìn, mo kà wá. Mẹ́rin ni wá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ara mi gbọ̀n. A padà. Ó tó bí ìṣẹ́jú ogún kí a tó rí i, ó jókòó sórí òkúta, ó ń fi ọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ló ti ń dùn ún, kò sọ. Mo fẹ́ bínú. Ó ní, “Mo pè yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rín lẹ̀ ń rín.”

N kò rí èsì fọ̀.

Láti ibẹ̀, òun ni a fi síwájú. Bó bá dúró, a dúró. Ilẹ̀ ti ṣú ká tó wọ Ẹ̀fọ̀n, a ò rí òpó kankan lálẹ́ ọjọ́ náà, gbẹ́nàgbẹ́nà wa sì kùn díẹ̀. Ọjọ́ kẹta la dé Ìkọ́gòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó pàdé. Ó ki ẹsẹ̀ bọ èyí tó gbóná, ó ní òun kò dìde mọ́. A jókòó tì í títí oòrùn fi rọ̀.

Kí ló mú mi sọ èyí lónìí? Mo wo ìwé tí akọ̀wé wa ń tọ́jú. Àwa 38 la dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Mẹ́ta ti lọ sọ́run. 29 ló wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Mẹ́fà tó kù ń kọ́? Ìlú yìí ni wọ́n wà. Méjì nínú wọn jẹ owó oṣù, èmi akápò ìgbà náà ni mo ka orúkọ wọn sétígbọ̀ọ́ gbogbo ìpàdé. Ọkàn nínú wọn wá sílé mi lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn náà. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé n kò sí nílé.

Lọ́la, lẹ́yìn ìsìn ìdúpẹ́, mò ń lọ sílé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ, ká pàdé lẹ́nu géètì ní aago mẹ́rin. Ní ti òkè, a tún ń lọ ní oṣù Kejìlá, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Olórúnkún ni yóò ṣíwájú, èmi ni n ó kẹ́yìn.