A Kì Í Pín Amoxicillin Bí Ẹni Pín Obì

Ọ̀rọ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ bá àwọn ìdílé sọ ní ìpàdé wa

Alága ní kí àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nínú ẹgbẹ́ yìí wá sọ̀rọ̀ nípa oògùn, ó sì kìlọ̀ fún wa pé kí a má jẹ́ kí ọbẹ̀ tutù. Nítorí náà oògùn kan ṣoṣo ni a mú, amoxicillin. Bí a bá ní kí gbogbo wa lọ ṣí dúrọ́ọ̀ ilé wa wò lónìí, ọ̀pọ̀ ni yóò bá a níbẹ̀: ààbọ̀ páálí tí ẹnì kan kò lò tán, tàbí sáṣẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, tí a ń tọ́jú de ọjọ́ tí ara ẹnì kan yóò gbóná.

Àwọn tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù mọ ilé ìwòsàn St Mary's ní Paddington. Ibẹ̀ ni Alexander Fleming ti ṣàkíyèsí ní 1928 pé ohun kan tó hù sínú àwo ìwádìí rẹ̀, irú èyí tí ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu, ń pa kòkòrò àrùn tó yí i ká. Ohun náà ló bí penicillin. Howard Florey àti Ernst Chain pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Oxford ló sọ ọ́ di oògùn tí a lè fún ènìyàn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945. Ọmọ ìdílé penicillin ni amoxicillin. Ilé iṣẹ́ Beecham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló mú un jáde ní 1972.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti mọ̀. Kòkòrò tí a ń pè ní bakitéríà ní ògiri tó yí ara rẹ̀ ká. Bí ó bá fẹ́ dàgbà kí ó sì pín sí méjì, ó ní láti máa mọ ògiri náà kún un. Amoxicillin ni ó ń dí i lọ́wọ́ ògiri mímọ. Ògiri á lanu, omi á ya wọlé, kòkòrò á bẹ́. Ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì, èyí tí ń fa ọ̀fìnkìn, fúlúù, àti púpọ̀ nínú ikọ́ àti ọ̀fun dídùn, kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀. Amoxicillin kò rí ohun tí yóò wó lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń ní kí a lọ sinmi, kí a mu omi dáadáa, kí a lo paracetamol. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dun àwọn ará wa, wọ́n a ní nítorí àwọ̀ wa ni. A kò sọ pé kò sí ojúsàájú níbì kankan, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ní ti ọ̀fìnkìn, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ fún òyìnbó. Ikọ́ tí ọ̀fìnkìn fà lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó lọ tán. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, tàbí tí mímí bá ń nira, ẹ tètè lọ rí dókítà.

Ohun tí a ń lo amoxicillin fún ni irú òtútù àyà kan, etí dídùn àwọn ọmọdé kan, eyín tó wú tó sì gbọn ọyún, àti ọgbẹ́ inú nígbà tí wọ́n bá pa á pọ̀ mọ́ àwọn oògùn mìíràn. Kò ran ibà. Àtọ̀sí pàápàá, tí àwọn kan ń yọ́ lo kápúsù sí, ti kọ penicillin tipẹ́tipẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan àwa ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ ní ìlú Ọba yìí. Nínú ìdílé wa ni àwọn ọmọ tó ní ẹ̀jẹ̀ SS wà, àìsàn tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ̀yà ara kan wà nínú ikùn lápá òsì tí ń sẹ́ kòkòrò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Àìsàn yìí a máa bà á jẹ́ láti kékeré, nítorí náà kòkòrò tí ń fa òtútù àyà lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kí ó sì pa á kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní 1986, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé bí a bá ń fún àwọn ọmọ yìí ní penicillin lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, irú àrùn bẹ́ẹ̀ yóò dín kù ní ìdá 84 nínú 100. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń gún gìgísẹ̀ ọmọ tuntun láti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ọmọ tó bá jẹ́ SS yóò bẹ̀rẹ̀ penicillin kí ó tó kọjá oṣù mẹ́ta. Ìgbà díẹ̀ ni a ń lo irú oògùn yìí nígbà tí ara dá ṣáṣá, èyí sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀yin ìyá ọmọ SS, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe àǹtí, ì báà ṣe wòlíì, ní kí ẹ dá a dúró nítorí pé ara ọmọ ti le. Dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ bi.

Ní oṣù Kejìlá 2022, nígbà tí àrùn ọ̀fun tí wọ́n ń pè ní Strep A ń jà láàárín àwọn ọmọdé ilẹ̀ yìí, penicillin àti amoxicillin olómi di ohun àwátì ní kẹ́mísì. A rí àwọn òbí ọmọ SS tí wọ́n ń ti kẹ́mísì kan bọ́ sí òmíràn. Ní àkókò kan náà, a mọ ilé tí ìgò rẹ̀ wà nínú fìríìjì láìsí ẹni tó ń ṣàìsàn.

Àìtó nìkan kọ́ ni ìṣòro. Kòkòrò gbọ́n. Àwọn kan ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé amoxicillin sí wẹ́wẹ́ kí ó tó ṣiṣẹ́. Nítorí wọn ni wọ́n fi da èròjà kejì mọ́ ọn, tí a fi ní Augmentin. Co-amoxiclav ni wọ́n sábà ń kọ sára páálí ní ìhín. Nígbàkúùgbà tí a bá lo oògùn yìí lásán, àwọn kòkòrò aláìlágbára tó wà lára wa ni yóò pa. Àwọn olórí kunkun á kù, wọn á bí sí i, a ó sì kó wọn ran ará ilé, tó fi mọ́ ọmọ SS tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní 2022 sọ pé nǹkan bí ènìyàn 1.27 mílíọ̀nù ló kú káàkiri ayé ní 2019 nítorí kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́. Bí a bá fi iye ikú wé iye ènìyàn, ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, níbi tí ilé wa wà, ló ga jù.

Bí wọ́n bá wá kọ ọ́ fún wa, báwo ni a ó ṣe lò ó? Èyí tí wọ́n sábà ń kọ fún àgbàlagbà ni kápúsù 500 mg kan, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún ọjọ́ márùn-ún. Ṣùgbọ́n àìsàn yàtọ̀ síra, nítorí náà ohun tó wà lára páálí tó ní orúkọ yín ni kí ẹ tẹ̀lé, kì í ṣe tiwa yìí. Ẹ jẹ́ kí àlàfo wà láàárín: àárọ̀, ọ̀sán, àti ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru, ìgbà tí ẹ bá jí ni àárọ̀ yín. Ẹ lè jẹun sí i, ẹ sì lè má jẹun. Omi ni kí ẹ fi gbé e mì, ẹ má ṣe ṣí kápúsù náà. Àwa tí a dàgbà sílé rántí bí wọ́n ṣe ń da tetracycline sórí egbò. Omi mímọ́ àti báńdéèjì ni egbò ń fẹ́. Bí ẹ bá gbàgbé ẹ̀ẹ̀kan, ẹ lò ó nígbà tí ẹ bá rántí, àyàfi bí àkókò èyí tó kàn bá ti kù díẹ̀. Ẹ má ṣe lo méjì pọ̀ láti fi dí i. Bí ara bá yá ní ọjọ́ kejì, ẹ máa lò ó lọ títí dé ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Bí ara bá ń burú sí i, ẹ padà sọ́dọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ ńkọ́? Nínú ẹgbẹ́ yìí, mùsùlùmí ń gba Rámàdáánì, onígbàgbọ́ náà ń gba tiwọn. Oògùn ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ kò bá ààwẹ̀ mu. Alùkùránì fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda fún aláìsàn pé kí ó san án padà ní ọjọ́ mìíràn. Bí ẹ bá sì ti pinnu pé ẹ ó gbà á, ẹ sọ fún dókítà kí ó tó kọ̀wé, bóyá yóò rí èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má ṣe dákẹ́, kí ẹ wá kó mẹ́ta pọ̀ lò ní àkókò ìṣínu. Ní ti ọtí, ìgò kan kò ba amoxicillin jẹ́. Flagyl ni a kì í mu ọtí sí, títí di ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí a bá lò ó tán.

Ti ọmọdé, ẹ mi ìgò náà dáadáa, kí ẹ sì fi sírínjì tí kẹ́mísì fún yín wọ̀n ọ́n. Ṣíbí ilé ìdáná kò dọ́gba. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ní kí ẹ dà á nù, kì í pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá po ó. Àbúrò kì í lo ti ẹ̀gbọ́n. Ìwọ̀n wọn kò dọ́gba, àìsàn wọn sì lè má jẹ́ ọ̀kan náà.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù ni kí ara ẹnì kan kọ oògùn náà. Inú ríru àti ìgbẹ́ tó rọ̀ díẹ̀ kì í ṣe ara kíkọ̀. Ara kíkọ̀ ni kí ara sú bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ, kí ètè, ahọ́n tàbí ojú wú, kí ọ̀fun fún, kí mímí nira. Ìwé tó ń bá oògùn wá sábà ń ní kí a wo ibi tó pọ́n. Lára dúdú bíi tiwa, pípọ́n náà lè má hàn. Ẹ fi ọwọ́ pa ara náà, ẹ bèèrè bóyá ó ń yún. Bí ara bá sú lásán, ẹ dá oògùn dúró, kí ẹ sì pe dókítà. Bí ojú tàbí ọ̀fun bá wú, 999 lójú ẹsẹ̀. Ẹ máa gbàdúrà bí ẹ ti ń pè, ẹ má gbàdúrà tán kí ẹ tó pè.

Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti kọ amoxicillin rí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan Ampiclox tí wọ́n ń kó bọ̀ láti ilé. Ampicillin àti cloxacillin ló wà nínú rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà sì ni gbogbo wọn. Augmentin náà ńkọ́? Amoxicillin ni. Ewu tó wà nínú pínpín oògùn nìyí: ẹ mọ ohun tó ṣe yín, ẹ kò mọ ohun tó wà nínú ìwé ìtọ́jú aládùúgbò yín. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n sọ fún láti kékeré pé ara wọn kò gba penicillin, bí wọ́n bá yẹ̀ wọ́n wò, ara wọn gbà á. Ẹ bi dókítà nípa àyẹ̀wò yìí, ẹ má dán an wò nílé. Ẹ tún sọ fún apòògùn bí ẹ bá ń lo warfarin tàbí methotrexate, bí ẹ bá lóyún, àti bí àgbo bá wà nílé. Wọn kò ní bá yín jà.

Kì í ṣe pé oògùn ilé kò dára. NAFDAC ti wà láti 1993, Dora Akunyili tó di olórí rẹ̀ ní 2001 sì bá àwọn tó ń ta ayédèrú jà gidigidi. Síbẹ̀, ayédèrú kò tán ní ọjà. Bí ìyá bá pè láti ilé pé ikọ́ kò jẹ́ kí òun sùn, owó dókítà àti àyẹ̀wò ni kí a fi ránṣẹ́, kì í ṣe kápúsù tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ wa.

Ọ̀kan kù tó le jù gbogbo rẹ̀ lọ. Bí ara bá gbóná lẹ́yìn tí ẹ ti Nàìjíríà dé, àní bí ó bá tó oṣù mélòó kan, ẹ má ṣe lo amoxicillin kí ẹ máa wòye. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ibà ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì la ẹnu sọ pé ilé ni ẹ ti ń bọ̀. Ní 2023, ó lé ní 2,000 ènìyàn tí wọ́n rí ibà lára wọn ní ilẹ̀ yìí lẹ́yìn ìrìn àjò. Ọ̀pọ̀ wọn ló lọ kí ẹbí ní Áfíríkà bíi tiwa. Ibà tí a fi amoxicillin tan ara wa lé lórí fún ọjọ́ mẹ́ta lè di ikú.

Ẹ̀yin tí ẹ ní dókítà kì í tètè rí yín, láti oṣù Kìn-ín-ní 2024 ni àwọn apòògùn ní England ti láṣẹ láti tọ́jú ọ̀fun dídùn, etí dídùn àwọn ọmọdé, àrùn ilé ìtọ̀ àwọn obìnrin àti àwọn mìíràn díẹ̀, kí wọ́n sì fúnni ní oògùn bí ó bá yẹ. Kẹ́mísì kan náà yóò gba ohun tó ṣẹ́kù nínú dúrọ́ọ̀ yín lọ́fẹ̀ẹ́; ẹ má dà á sí ilé ìyàgbẹ́.

A ó gba ìbéèrè báyìí. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́, àwa méjì yóò wà ní yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná títí wọn yóò fi gbé oúnjẹ jáde.